Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Fèrèsé tó kọ́kọ́ tì kó tó lu ìyàwó rẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán mà, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Awakọ̀ tírélà ni mí, ọmọ ọdún 38, Ṣàgámù ni mò ń gbé. Mo ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ní 2019, táńkà kan ṣubú níwájú wa lójú ọ̀nà Bìní. Iná sọ kí n tó rí àyè yí ọkọ̀ padà. Èmi bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ mi, ọmọkùnrin ọdún 19, kò rí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ṣí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Láti ìgbà náà, oorun kì í kún ojú mi. Ẹnì kan ní gáréèjì ló fún mi ní tramadol, èyí tí wọ́n ń pè ní 225, ó ní màá sùn, màá sì lè wakọ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó yá, ẹyọ kan ò ràn mí mọ́, mo wá ń fi ọtí òpá ẹ̀yìn lé e. Ó ti di bárakú báyìí. Tí mi ò bá rí i lò lọ́jọ́ kan, ara mi á máa gbọ̀n, imú mi á máa ṣomi, ọ̀rọ̀ kékeré á máa ta mí lára.

Mo máa ń lu ìyàwó mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, kẹrosínì dà sílẹ̀ níbi tó ti ń dáná. Mo ní kó nù ún kíá, ó ní kí n ní sùúrù. Mo dìde, mo ti fèrèsé, mo yí rédíò sókè, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Eyín rẹ̀ kan yọ. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 9, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tọ̀ sára. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Bàbá mi náà lu ìyá mi, mo sì ti búra nígbà náà pé mi ò ní ṣe bíi tirẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ìyá mi ní ẹnu ìyàwó mi ló mú jù. Èmi ò mọ ohun tó ń wọ inú mi, mi ò kì í mọ ìgbà tí mo bá ń ṣe é. Ṣé àìsàn ni, mà? Oògùn wo ni mo lè lò?

Awakọ̀, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O bi mí léèrè oògùn tìrẹ, o ò béèrè ti ìyàwó rẹ. Ẹni tí eyín rẹ̀ yọ la ó kọ́kọ́ tọ́jú. Kó lọ rí dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí, kí ìwọ san owó rẹ̀. Tí kò bá fẹ́ kí o tẹ̀ lé òun, má tẹ̀ lé e. Má sì kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò pa fún dókítà.

O ní o kì í mọ ìgbà tí o bá ń ṣe é. Mo gbà pé bó ṣe rí lójú rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo kọ ọ́ pé o dìde, o ti fèrèsé, o yí rédíò sókè. Ẹni tó ti fèrèsé rántí pé aládùúgbò létí. Ó mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ ṣe kò dára. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìrètí nínú lẹ́tà rẹ. Ká ní òjijì ni ọwọ́ rẹ ń gbéra bí ìgbà tí wárápá bá gbé ènìyàn, mi ò bá tí mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí o fi rìn lọ sídìí fèrèsé yẹn, inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe wà.

Mo mọ irú ilé tí ọmọ rẹ ń gbé. Sójà ni bàbá mi. Ó ti ojú ogun abẹ́lé dé ní 1970, ọmọ ọdún 11 ni mí. Kó tó lọ, òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò lálaalẹ́, pẹ̀lú èkùrọ́ tó tò sórí ẹní. Nígbà tó dé, tí àrá bá sán, abẹ́ ibùsùn ló ń wọ̀. Ògógóró ló ń fi jí, tó bá sì di alẹ́, màmá mi ló ń jìyà gbogbo ohun tó rí lójú ogun. Etí òsì màmá mi kò gbọ́ràn mọ́ títí tó fi kú. Ó máa ń sọ pé, "Ogun ti parí nílé gbogbo ayé, ó ku ti ilé mi." Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ojú àwọn sójà tó ti ogun Vietnam dé. PTSD ni wọ́n pè é, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí ohun ẹlẹ́rù máa ń dá sí ènìyàn lára. Bàbá mi kú ní 1984, kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ọpọlọ, kò sì sí ọkùnrin kan tí mo tọ́jú tí ojú bàbá mi kò wá sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù. Ọkùnrin kan ń gbé ní òdìkejì ilé wa, ọkọ̀ kan náà ló gbé òun àti bàbá mi ti ojú ogun dé. Òun náà kì í sùn. Òru ló máa ń gbá àgbàlá rẹ̀, a ó máa gbọ́ ìgbálẹ̀ ní aago mẹ́ta. Kò gbọ́wọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí. Nítorí náà, tí o bá bi mí pé ṣé àìsàn ni, màá ní bẹ́ẹ̀ ni: ọkàn rẹ gbọgbẹ́, oògùn sì ti di bárakú fún ọ, àìsàn ni méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Lílù tí ò ń lu ìyàwó rẹ kò sí nínú wọn. Ọwọ́ rẹ ló ń ṣe ìyẹn.

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ rẹ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tí tírélà tó ru símẹ́ńtì bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ òkè, ìgbà wo ni awakọ̀ tó mọṣẹ́ ń yí jíà sí kékeré? Orí òkè ni, kí ẹrù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó sáré dé ààbọ̀ òkè kó tó tẹ bíréèkì, bíréèkì á gbóná, á sì kọ̀ fún un. Apá kan wà nínú ọpọlọ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó figbe ta tí ewu bá dé, ó sì yára ju ìrònú lọ. Apá tó wà lẹ́yìn iwájú orí ló máa ń dá a lóhùn pé, "Dúró ná, wò ó dáadáa." Lára ẹni tó ti rí irú ohun tí o rí, tó tún dàgbà nílé tí wọ́n ti ń lu ìyá rẹ̀, aláriwo yẹn kì í sinmi. Ọtí ní tirẹ̀ á kun ẹni tó ń sọ pé "dúró ná" lóorun. Tí tramadol bá sì ń tán lára, ara á dà bí èyí tí wọ́n bó awọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán á máa ta á. Nítorí náà, o ti wà ní ààbọ̀ òkè kí ìyàwó rẹ tó la ẹnu lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ènìyàn á máa sọ fún ọ pé ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ta ló wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ní sùúrù? Kì í ṣe nílé bàbá rẹ.

Kẹrosínì ló dà sílẹ̀, ọmọ mi. Ṣé o kíyè sí i? Òkè lẹ́tà rẹ lo ti kọ nípa iná tó jó ọmọ ọkọ̀ rẹ, ìsàlẹ̀ lo ti kọ nípa kẹrosínì, o ò so wọ́n pọ̀. Imú rẹ ti so wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, ìbínú kọ́ ló kọ́kọ́ dé bá ọ lọ́jọ́ náà. Àyà rẹ ló já. Lẹ́yìn náà, ojú tì ọ́ pé òórùn kẹrosínì já àyà ọkùnrin bíi tìrẹ. Ìgbà náà ni ìbínú tó dé láti wá bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ pé "inú bí mi" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, inú bí mi. Àárò ẹni tó kú ń sọ wọ́n, inú bí mi. Wọ́n dá ara wọn lẹ́bi pé àwọn bẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn kò bẹ́ sílẹ̀, inú bí mi. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe é kò lè mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Ra ìwé olójú-ewé 40 kan. Lálaalẹ́, kọ ohun tí ara rẹ ṣe lọ́jọ́ náà kí inú tó bí ọ: ṣé àyà ń lù kìkì ni, ṣé eyín pa pọ̀, ṣé àtẹ́lẹwọ́ gbóná? Kọ òórùn tàbí ariwo tó wà níbẹ̀. Kọ iye oògùn àti ọtí tí o lò, àti aago tó o lò wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ó ti mọ orí òkè tìrẹ. Tí o bá ti dé orí òkè náà, omi tútù ni kí o wá, kí o bu sínú abọ́, kí o sé èémí, kí o ri ojú rẹ sínú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Ó máa ń jẹ́ kí àyà rọra lù. (Tí o bá ní àìsàn ọkàn, bi dókítà kí o tó ṣe é.) Ara ọ̀nà ìtọ́jú tí Marsha Linehan gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà la ti kọ́ ọ. Ọ̀mọ̀wé ni obìnrin yìí, ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba ní 2011 pé òun náà ti jẹ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 17. Inú mi dùn tí mo gbọ́ ọ, torí mo ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá jìn sí ihò rí kò lè júwe àtẹ̀gùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ o ò gbọdọ̀ fi ara ìyàwó rẹ kọ́ iṣẹ́ yìí. Lálẹ́ òní, kó aṣọ rẹ, lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í mutí. Fi owó oúnjẹ sílẹ̀. Sọ fún ẹni tí o lọ bá pé o ń lu ìyàwó rẹ, lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, má sọ pé "èdè-àìyedè." Ìwọ ni kó jáde nílé, má jẹ́ kó jẹ́ obìnrin àti ọmọ mẹ́ta ni yóò máa gbé àpò kiri. Tí ìyàwó rẹ bá sì ní òun ò ṣe mọ́, gbà fún un. Kì í ṣe torí kó lè padà ni kí o ṣe tọ́jú ara rẹ. Tọ́jú ara rẹ kí ó má baà tún sí obìnrin mìíràn tí eyín rẹ̀ á yọ.

Ní ti oògùn, má dà gbogbo rẹ̀ nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ọtí àti tramadol ti mọ́ lára, tó bá dá a dúró lójijì láìsí olùtọ́jú, gìrì lè mú un, orí rẹ̀ sì lè dàrú. Bẹ́ẹ̀ sì ni o ò gbọdọ̀ máa pò wọ́n pọ̀ mọ́, torí àwọn méjèèjì lè pa pọ̀ sé èémí ènìyàn lójú oorun. Tramadol 50 àti 100 nìkan ni NAFDAC fọwọ́ sí. 225 tí ò ń gbé mì yẹn, kò sí aláṣẹ kankan nílẹ̀ yìí tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Má sì wakọ̀ lásìkò yìí. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá, mo sì tún sọ ọ́: má wakọ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù níbẹ̀, béèrè ẹ̀ka ọpọlọ. Tàbí kí o lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ẹ̀ka tí ó jẹ́ ti bárakú oògùn nìkan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ilé wèrè" dẹ́rù bà ọ́. Láti 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Tí o bá fẹ́ kọ́kọ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nọ́mbà ọ̀fẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ni 080010203040. Ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ojú kò gbọdọ̀ tì ọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, nínú ènìyàn 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní ìhà tiwa yìí, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, 22 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìhà tiwa ló sì ga jù.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀: iná, oògùn, àti lílù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí a máa ń sọ fún aláìsàn ni pé kó kọ́kọ́ fi oògùn sílẹ̀ ná, ká tó gbọ́ ohun tó ń dùn ún. A ṣe àṣìṣe. Ẹni tí o bá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí o wá fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn ọmọ ọkọ̀ tó ń jó nínú iná, yóò padà sí gáréèjì kó tó di ọ̀la. Láti àwọn ọdún 1990 ni Lisa Najavits, ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe ìtọ́jú méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti di ohun tí a ń ṣe ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lílù kò kan òun, wá ẹlòmíràn.

Pásítọ̀ lè máa gbàdúrà, mi ò ní kó má gbàdúrà. Kó gbàdúrà, kó sì san owó mọ́tò rẹ dé Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ ńkọ́? Obìnrin tí wọ́n lù tó sì ń wá ẹ̀bi sí ẹnu obìnrin mìíràn, ó dùn mí fún un. Má gbọ́ tirẹ̀ lórí èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san owó ìtanràn tó tó 200,000 náírà, tàbí kó fara gba méjèèjì. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó ní ẹnu mímú fàyè gbà á.

Kí o tó jáde nílé lálẹ́ òní, jókòó ti àkọ́bí rẹ. Sọ fún un pé: "Ohun tí mo ṣe sí ìyá rẹ kò dára. Kò sí ohun tí ìwọ tàbí ìyá rẹ ṣe tó fà á. Mò ń lọ gba ìtọ́jú." Bàbá mi kò sọ ọ́ fún mi. Mo ti di ẹni ọdún 66, mo ṣì ń retí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin mi sá wá bá mi pẹ̀lú ọmọ ọmú lẹ́yìn. Ó ní ọkọ òun, tó ń mugbó, tó ń mu kodéènì, fún òun lọ́rùn. Kò sí àpá lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ há fún ọjọ́ méjì. Àwọn àna wa ti wá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú síńápù, wọ́n ní ó ti fẹnu kan irin, ó ti búra pé kò ní mu ún mọ́. Bàbá ọmọbìnrin mi ní kó padà, pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọmọ, Agége.

ÌDÁHÙN

Ìyá ọmọ, ẹ má jẹ́ kó padà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n fún un lọ́rùn. Ohùn tó há yẹn ń sọ pé inú ọ̀fun ti farapa, bí awọ ọrùn tilẹ̀ ń dán. Ewu rẹ̀ lè fara hàn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà tí ẹ bá rí i tí kò lè gbé oúnjẹ mì, tí èémí há, tí ojú ń ṣú u, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kò lágbára, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ á mọ́.

Fífún lọ́rùn kì í ṣe ẹgbẹ́ gbígbá létí, bí gbígbá létí náà kò tilẹ̀ dára. Ìwádìí kan tí Nancy Glass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé obìnrin tí ọkọ ti fún lọ́rùn rí, ewu pé ọkùnrin náà yóò pa á lọ́jọ́ iwájú ju ìlọ́po méje lọ. Ẹ ka gbólóhùn yìí sí bàbá rẹ̀ létí, kí ẹ bi í pé irú ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ nílé yẹn.

Àkókò tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni ewu máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà, kó má dá lọ kó ẹrù, kó má dá pàdé ọkọ rẹ̀ níbikíbi, kó jẹ́ pé ẹ̀yin méjì ni ẹ ó máa gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ pe àwọn DSVA, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lórí 08000333333, ọ̀fẹ́ ni. Tí ó bá di wàhálà lójú ẹsẹ̀, 112 ni kí ẹ tẹ̀. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá inú ilé láti 2007, kóòtù sì lè pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà má ṣe sún mọ́ ọn.

Mi ò fojú kéré irin tó fẹnu kàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tọkàntọkàn ló fi búra, kódà kó jẹ́ pé ó sunkún. Ara tí kodéènì ti mọ́ kò gbọ́ ìbúra. Ara náà á béèrè tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ara ríro àti àìsùn, ọmọ yín ni yóò sì wà nítòsí nígbà tó bá ń béèrè. Tí àwọn àna bá tún gbé síńápù wá, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fún wọn lómi mu, ẹ gbé síńápù wọn lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ wá ní kí wọ́n fi káàdì ilé ìwòsàn ọmọ wọn hàn yín.